Ògiri Ààbò Sáfà àti Àwọn Tí Ń Fi Ìdánwò Jálẹ̀kùn

Ẹni tó bá gbé sáfà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì, sábà máa ń rí i pé àwọn àjèjì ti ń kan ẹnu-ọ̀nà 22, èyí tí SSH ń lò. Ètò kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe ènìyàn. Ó ń dán ọ̀rọ̀ aṣínà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ṣílẹ̀kùn, gbogbo ohun tí a kó pamọ́ síbẹ̀ di ti olè. Láti 0000 dé 9999, ìdánwò 10,000 péré ni.

Ògiri ààbò, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní firewall, kì í sọ ọ̀rọ̀ aṣínà di líle; àkókò ni ó ń gbà lọ́wọ́ ọ̀tá. Bí a kò bá yí ètò Fail2ban padà, àdírẹ́sì tó bá ṣi ọ̀rọ̀ aṣínà ní ìgbà 5 láàárín ìṣẹ́jú 10 ni yóò ní kí ògiri tì mọ́ta fún ìṣẹ́jú 10.

Ṣùgbọ́n ní 2016, Mirai fi nǹkan bí 60 orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà àtilẹ̀wá kó ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà àti ráútà lẹ́rú. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá pín ìdánwò láàárín ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì péré, ta ni ògiri yóò mú? Ó sàn kí ògiri gba àdírẹ́sì tí a mọ̀ nìkan láyè, kí kọ́kọ́rọ́ SSH sì rọ́pò ọ̀rọ̀ aṣínà pátápátá. Kí alábòójútó kọ́kọ́ fi àdírẹ́sì tirẹ̀ sínú àṣẹ náà o. Ọ̀pọ̀ ti ti ara wọn mọ́ta.