Bí Oyènúsì Adigunjalè Ṣe Di Ẹni Tí A Ń Wò Nínú Sinimá

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Èbúté-Mẹ́ta, tí àwọn ọ̀dọ́ kan kó ara wọn jọ yí fóònù kan ṣoṣo ká, tí wọ́n ń wo sinimá tí ìgárá ọlọ́ṣà kan ti kúnlẹ̀ níwájú ọlọ́mọge, tí ó ń fi omijé tọrọ ìfẹ́, ni bàbá arúgbó kan tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi orí títí, ó ní: "Ẹ máa wò ó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ obìnrin náà ló kọ́kọ́ sọ Dókítà di olè."

Dókítà tí bàbá ń wí kò fún ẹnikẹ́ni lóògùn rí. Ìṣọ̀lá Oyènúsì ni, ẹni tí ó fi ara rẹ̀ jẹ oyè Dókítà, tí ẹ̀rù rẹ̀ gba ìgboro Èkó Aròmisá kan, kí ìjọba ológun tó yìnbọn pa òun àti ẹni mẹ́fà mìíràn ní Bar Beach, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, 1971, nítorí ilé-iṣẹ́ WAHUM tí wọ́n jà lólè ní Ìkẹjà, níbi tí ọlọ́pàá kan ti kú.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní lọ́dún 1959, olólùfẹ́ Oyènúsì ń fẹ́ owó, kò sì sí kọ́bọ̀ lápò ọkùnrin náà. Ni ó bá lọ dènà de ọlọ́kọ̀ kan ní òpópónà Herbert Macaulay ní Yábàá, ó pa á, ó gba ọkọ̀, ó sì tà á ní £400. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ nìyí. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́kọ tó wà nítòsí kò jẹ́ kí ó délẹ̀.

"Ẹ̀yin ọkùnrin! Ẹ mutí, obìnrin ni. Ẹ jalè, obìnrin ni. Bàbá, ṣé obìnrin ló bá a gbé ìbọn ni?"

Ó ní ṣebí ọkùnrin náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ ikú pé bí òbí òun bá rówó rán òun nílé-ìwé girama ni, òun ì bá má dolè. Bàbá fèsì pé ẹni tí ikú ń wò lójú kò ní dárúkọ olólùfẹ́ rẹ̀ lójú agbo. Ohun tí ó wà lẹ́yìn Ọ̀fà, ó ju Òjé lọ.

Ó tó 30,000 ènìyàn tí ó dúró lórí iyanrìn Bar Beach lọ́jọ́ ikú Oyènúsì, tí wọ́n sì rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n ti ń mú un lọ sídìí òpó. Lójú tèmi, ẹ̀rín yẹn ni ó bí sinimá. Nígbà tí Ọlá Balógun ń fi sinimá *Àjàní Ògún* fa èrò ní 1976, ojú ìwé ìròyìn ni Eddie Ugbomah, tí ó ti kọ́ṣẹ́ sinimá ní Lọ́ńdọ̀nù, ń wò. Ní 1977 ó gbé *The Rise and Fall of Dr. Oyenusi* jáde, ó sì kó ipa Oyènúsì fúnra rẹ̀. Bákan náà ni ó gbé sinimá jáde lórí Ààfáà Àpálàrà, tí wọ́n pa ní Èbúté-Mẹ́ta yìí kan náà ní 1953. Ugbomah kò fi ìṣubú Oyènúsì pamọ́, àkọlé ni ó kọ ọ́ sí gàdàgbà. Àwọn onísinimá tòde òní a máa wẹ olè mọ́, wọn a fín in lóòórùn dídùn, wọn a sì fún un ní ìyàwó.

Ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo bi léèrè kò lè dárúkọ olólùfẹ́ náà fún mi, tàbí àdúgbò rẹ̀. Ọkọ̀ ni wọ́n mọ̀. Bàbá ní Vauxhall ni. Àbúrò rẹ̀ ní irọ́ ni, Opel aláwọ̀ eérú ni. Ìyá ẹlẹ́kọ ní àwọn méjèèjì kò ì tíì wá sí Èkó lọ́dún náà.