Ìwé Ẹ̀rí Wo Ni Kí Olùkọ́ Ìdárayá Gbà?

Ó kéré tán, àwọn mẹ́ta ní kíláàsì wa ti sọ fún mi pé iṣẹ́ personal trainer ni àwọn máa ṣe tí a bá jáde, ìyẹn olùkọ́ ìdárayá tó ń kọ́ ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ti ń tọ́jú owó pamọ́ fún ìwé ẹ̀rí kan tó rí lórí fóònù nígbà ìsinmi. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ní ó máa fi kà á! Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe lọ wádìí.

Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé ẹ̀rí tó lókìkí ti wá, ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an, kò sí láísẹ́ǹsì ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ ìwé ẹ̀rí kó sì máa tà á. Nítorí náà, kí a tó béèrè iye owó, ẹ jẹ́ ká béèrè pé: ta ló ń yẹ àwọn tó ń fúnni níwèé wò?

Ẹ wo WAEC. Tíṣà wa ló ń kọ́ wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń máàkì ìwé ìdánwò wa. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹni tí kò mọ iléèwé wa rárá gba èsì wa gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, àjọ kan wà tó ń jẹ́ NCCA. Kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìdárayá; ìdánwò àwọn àjọ mìíràn ló ń yẹ̀ wò, bí wọ́n ṣe ṣètò ìbéèrè àti bí wọ́n ṣe ń fúnni ní máàkì. Ó fọwọ́ sí ti ACSM, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, ti NSCA (1978), ti ACE (1985) àti ti NASM (1987). Ìdánwò ACE jẹ́ ìbéèrè 150 ní wákàtí mẹ́ta, ènìyàn sì lè feeli rẹ̀ dáadáa.

Wọ́n máa ń fẹ́ kí ènìyàn pé ọmọ ọdún 18, kó ti jáde girama, kó sì mọ bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ti ọlọ́jọ́ méjì yẹn kò tiẹ̀ béèrè ọjọ́ orí.

Ṣé kí n sọ ohun tó bà mí lẹ́rù? Ẹ jẹ́ ká ní màmá kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wá sí jíìmù. Tó bá sé èémí nígbà tó ń gbé irin wúwo, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru sókè lójijì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tún wà tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ń ka ìlù ọkàn màmá yẹn á rò pé kò tíì rẹ̀ ẹ́, á sì tún máa lé e síwájú. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á ti béèrè nípa àìsàn àti oògùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, á sì ní kó lọ rí dókítà tó bá yẹ. Ọjọ́ méjì kò tó kọ́ ìyẹn.

Owó náà kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Ti ACE àti NASM, ọdún méjì méjì ni wọ́n ń tún un ṣe. Ti ACSM àti NSCA, ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Dọ́là sì ni o. NSCA tún ní èyí tó ń jẹ́ CSCS, fún ẹni tó fẹ́ kọ́ àwọn eléré ìdárayá gidi, ṣùgbọ́n kò sí digírì, kò sí CSCS. Ẹni tó bá ní ẹbí ní London á gbọ́ Level 2 àti Level 3. Level 3 ni ti personal trainer.

Lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ náà nílé níbí lè ka Human Kinetics ní Yunifásítì Ìbàdàn. National Institute for Sports náà wà l'Ékòó tó ń kọ́ àwọn kóòṣì. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì pé 17. Mo ti ní kó kọ́kọ́ lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dọ̀ Red Cross, kó sì fi ìyókù owó rẹ̀ pamọ́.