Ìwé Ẹ̀rí Ilé Tí Kì í Fi Iná Ṣòfò: Ohun Tó Yẹ kí Onílé Tuntun ní Tẹ̀dé Mọ̀

Tẹ̀dé ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Igi ẹmì, igi irúgbá àti igi ayín dúró lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín koríko, oòrùn sì ń ráyè bá ilẹ̀. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, a sì dáwọ́ dúró lóṣù kẹwàá. Tí iṣu bá ti wọ abà, tí owó àgbàdo sì ti wọlé, iṣẹ́ wá kan bíríkìlà. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ni wọ́n ń fa ìpìlẹ̀ jù, nítorí búlọ́ọ̀kù ń tètè gbẹ, ọkọ̀ yanrìn náà sì ń rọ́nà wọlé. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń pinnu bóyá ilé náà yóò máa gba owó iná lọ́wọ́ onílé fún ogún ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ pé àwọn ń pinnu ohunkóhun.

Ilé tó wọ́pọ̀ lóde òní ni ti búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì oní-íńṣì 6 tàbí 9, páànù lórí, sílíìnì pẹlẹbẹ lábẹ́ páànù. Lóṣù kejì àti ìkẹta, ooru ọ̀sán a máa tó 35°C níta. Páànù tí oòrùn ń pa lè gbóná dé 60°C, gbogbo ooru yẹn ló sì ń ti orí bọ̀ wá bá ẹni tó wà ní yàrá. Fáànù kò lè lé e. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ló ń fẹ́ káàkiri. Ni onílé bá ra ẹ́síì, ẹ́síì bá ní òun fẹ́ jẹnẹrétọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, kò sí ẹni tí mo ní láti sọ fún bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń náni. Àwọn tí wọ́n wà ní Band A, ìyẹn ìpele àwọn tó ń rí iná ìjọba jù, náà rí i lóṣù kẹrin 2024, nígbà tí kílówáàtì kan fún wákàtí kan kúrò ní nǹkan bí ₦68, tó di ₦225.

Irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú káwọn orílẹ̀-èdè dá ìwé ẹ̀rí ilé sílẹ̀. Àwọn ará Bìrìtìkó gbé BREEAM jáde ní 1990, Amẹ́ríkà gbé LEED jáde ní 1998. LEED yìí ni ilé ọ́fíìsì Heritage Place tó wà ní Ìkòyí, l'Ékòó, gbà ní 2016. Ilé gogoro ni ìyẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ kan ẹni tó ń kọ́ yàrá mẹ́ta sí Tẹ̀dé. Èyí tó sún mọ́ irú wa ni EDGE, tí IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń bá àwọn aládàáni dòwò pọ̀, ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè bọ̀.

Bí EDGE ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wọ́n á fi ilé tí o fẹ́ kọ́ wé irú ilé tí wọ́n ń kọ́ lásán lágbègbè kan náà. Ilé tìrẹ gbọ́dọ̀ fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún dín ohun mẹ́ta kù: iná tí yóò máa jẹ, omi tí yóò máa lò, àti agbára tí wọ́n ti sun tán nílé iṣẹ́ kí sìmẹ́ǹtì, irin àti páànù tó di ohun tí à ń rà lọ́jà. Tó bá yege nínú méjì, tó sì kùnà nínú ẹ̀kẹta, kò tíì gba ìwé ẹ̀rí. Èyí tó bá fi ìdá ogójì dín iná kù wà ní ipò gíga, EDGE Advanced. Ọ̀fẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè ṣí i. Ìwé ẹ̀rí gan-an ló ń gba owó. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ pílánù wò, wọ́n á fún un ní ìwé ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn tí ilé bá parí, olùyẹ̀wò tí wọ́n fọwọ́ sí á wá wò ó bóyá ohun tó wà nínú pílánù náà ló wà nílẹ̀, kí ìwé ẹ̀rí tòótọ́ tó jáde.

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀. Ní 2016 ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iná, iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé, nígbà tí Babatunde Fashola jẹ́ mínísítà, tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí bí ilé ṣe lè máa ṣọ́ iná lò. Ní 2017 wọ́n gbé òfin ìkọ́lé tó bá a mu jáde, BEEC, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Jámánì àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a lẹ́jọ́ ní 2003 pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ètò bí ìlú ṣe ń kọ́lé, kì í ṣe ti àpapọ̀. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ sọ BEEC di òfin nílé tirẹ̀ kó tó lè mú ẹnikẹ́ni. Kò sí ohun tó ní kí onílé dúró de ìyẹn, torí àwọn òṣùwọ̀n inú rẹ̀ rọrùn débi pé bíríkìlà lè fi tépù ọwọ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan, ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú, 12 lóòró, ògiri rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Òfin ní kí fèrèsé má kọjá ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ògiri ìta, àfi tí ibòji tàbí gíláàsì pàtàkì bá wà. Ògiri ìta kan nínú yàrá yìí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 120 lóròó-níbùú, ìdá ogún rẹ̀ sì jẹ́ 24. Fèrèsé four-by-four tí àwọn oníálúmíníọ̀mù ń ṣe jẹ́ 16, ó wọlé dáadáa. Bí o bá to méjì sí ògiri kan náà, 32 nìyẹn, o ti kọjá. Ẹ fi ìkejì sára ògiri mìíràn tó bá kan ìta, kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá kọjá. Ní ti gílóòbù, òfin ní kí iná ilé gbígbé má kọjá wáàtì 6 lórí mítà kan lóròó-níbùú. Yàrá yìí jẹ́ nǹkan bí mítà 13 lóròó-níbùú, nítorí náà wáàtì 80 ni òpin rẹ̀. Gílóòbù LED oní-wáàtì 9 méjì jẹ́ 18 péré. Gílóòbù pupa àtijọ́ oní-wáàtì 100 kan ṣoṣo ti rú òfin.

Òrùlé ni mo fẹ́ dúró lé jù, torí ibẹ̀ ni ooru ti ń wọlé jù ní ilẹ̀ wa. BEEC ní kí ohun tó ń dí ooru lókè tó 1.25 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní R. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 fóòmù tàbí òwú onífáíbà, tí wọ́n tẹ́ sórí sílíìnì láìfi àlàfo sílẹ̀, ń tó o. Sílíìnì PVC pẹlẹbẹ nìkan kò súnmọ́ ọn. Àwọn baba wa ti ní tiwọn. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé, òun náà ni àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń kó lọ sí Ọ̀yọ́ fún òrùlé ààfin nígbà Ọdún Bẹẹrẹ. Lábẹ́ bẹẹrẹ, àjà alámọ̀ wà. Iná àti jíjò ló jẹ́ ká fi bẹẹrẹ sílẹ̀, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni padà sí i. Àṣìṣe wa ni pé nígbà tí páànù dé, a ju àjà nù pẹ̀lú koríko, a kò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀.

Ògiri amọ̀ tó nípọn náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìmọ̀ràn tó bá Èkó mu kì í fi gbogbo ìgbà bá Òkè-Ògùn mu. L'Ékòó, ọ̀sán àti òru kò jìnnà síra nínú ooru, ọ̀rinrin sì pọ̀. Ní Tẹ̀dé, nígbà ọyẹ́, ọ̀sán a gbóná, òwúrọ̀ a tutù débi pé aṣọ ìbora kan kì í tó. Ògiri tó nípọn máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Tí o bá ṣí fèrèsé lóru, tí o sì tì í lágogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ó lè dúró títí ọ̀sán fi lọ kí ooru tó wọlé. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ pò, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀, irú èyí tí NBRRI, àjọ ìwádìí lórí ilé àti ọ̀nà ní Nàìjíríà, ń polongo, ń lo sìmẹ́ǹtì tó kéré gan-an. Ìyẹn lè ran onílé lọ́wọ́ láti yege nínú ohun kẹta tí EDGE ń wò, torí iná ìléru sìmẹ́ǹtì máa ń tó 1,450°C.

Ẹ kíyè sí ojú tí ilé kọ. Tẹ̀dé wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8.5 ní àríwá agbedeméjì ayé. Ní nǹkan bí àárín oṣù kẹrin àti òpin oṣù kẹjọ, oòrùn ọ̀sán a wà lókè orí wa gan-an. Láàárín ìgbà méjèèjì, apá àríwá ló ń wà. Ní ìyókù ọdún, ó wà ní gúúsù. Ìhà àríwá àti gúúsù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí etí òrùlé tó yọ jáde lè ṣíji bò ó. Ti ìwọ̀-oòrùn ló le, nítorí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń rẹlẹ̀, ó ń wọ abẹ́ òrùlé. Ẹ jẹ́ kí ilé gùn láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ tàbí yàrá ìkẹ́rù wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, kí yàrá ọmọ má sí níbẹ̀. Èyí kò ná onílé ní kọ́bọ̀ kan.

Ní ti omi, òrùlé tó jẹ́ mítà 100 lóròó-níbùú á gba lítà 2,000 nínú òjò mílímítà 20 kan. Ẹ so ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ mọ́ táǹkì, kí ẹ sì jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí páànù kí ẹ tó dá omi sí i. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń fi omi díẹ̀ ṣiṣẹ́ á tún dín ìlò kù.

Mo ń rí i káàkiri Òkè-Ògùn pé sólà ni àwọn onílé ń kọ́kọ́ ra. Sólà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e sórí ilé tó ń gbóná ń fi bátìrì olówó ńlá lé ooru tí fóòmù kékeré ìbá ti dí. Ẹ́síì 1 horsepower ń jẹ nǹkan bí wáàtì 750 sí 900. Fáànù ń jẹ nǹkan bí 60. Ẹni tó bá dí òrùlé rẹ̀ lè fi bátìrì kékeré gbé fáànù, gílóòbù àti fíríìjì.

Ẹni tó bá fẹ́ fa ìpìlẹ̀ lóṣù kọkànlá, kó mú pílánù lọ bá ayàwòrán ilé nísinsìnyí, kó ní kó fi ètò EDGE ṣírò rẹ̀, kó sì kọ ìnípọn ohun tó ń dí ooru, ìwọ̀n fèrèsé àti ìhà tí ilé kọ sínú pílánù kó tó lọ gba ìfọwọ́sí. Bí kò bá sí owó ìwé ẹ̀rí, kó kọ́ ọ dé òṣùwọ̀n náà síbẹ̀. Fóòmù tí wọ́n tẹ́ nígbà tí wọ́n ń kan sílíìnì kò ní ná an tó ohun tí yóò ná an tó bá ní láti tú sílíìnì náà lẹ́yìn tó ti wọ ilé.