Ọbẹ̀ Láìsí Ẹran, Láìsí Ẹja: Iṣẹ́ tí Ẹ̀wà àti Sóyà Lè Ṣe Nínú Ìkòkò Wa

Nígbàkúùgbà tí a bá jókòó láti gba owó ìfipamọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ìyá ń sọ sí wa létí: owó ọbẹ̀ ti ń jẹ owó òwò run. Ẹlòmíràn á yá owó láti fi kó ọjà, kó tó di ìdajì oṣù, apá kan rẹ̀ ti bá panla àti pọ̀nmọ́ lọ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ojú ewé ti oṣù yìí ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè se oúnjẹ tó dùn, tó sì ṣara lóore, láìfi ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà màlúù sí i. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹja mọ́ o. Etí ọ̀sà ni Badagry wà, àwọn tó ń ta ẹja sì pọ̀ láàárín wa, a kò wá ìjà. Ohun tí a ń sọ ni pé bí ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀wà àti sóyà, ebi èròjà kò ní pa ọmọ, owó díẹ̀ á sì ṣẹ́kù sí ìdí aṣọ.

Àwọn kan ti ń sọ pé, "Akọ̀wé, àṣà òyìnbó lèyí." Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká ka oúnjẹ àwọn ìyá wa lórí ìka: àkàrà, èkuru, gbẹ̀gìrì, àdàlú, mọ́ínmọ́ín tí a kò fi ẹyin sí. Níbo ni ẹran wà níbẹ̀? Ẹ wo ẹ̀wà Agányìn, èyí tí àwọn tó wá láti ìhà Benin àti Togo mú gbajúmọ̀ ní Èkó. Ẹ̀wà tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ ni, pẹ̀lú ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà tí a dín nínú epo pupa títí ó fi dúdú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sè, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ẹja.

Oúnjẹ yìí náà ló bá àwọn ènìyàn wa kọjá òkun nígbà òwò ẹrú, a sì mọ ohun tí ojú Badagry rí nínú òwò yẹn. Ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, àkàrà ni wọ́n ń pè ní acarajé. Epo pupa ni wọ́n ṣì fi ń dín in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń ki edé sí i nínú. Ní 2005 ni ìjọba ibẹ̀ kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè wọn. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn dúdú a máa jẹ ẹ̀wà olójú dúdú pẹ̀lú ìrẹsì ní ọjọ́ ọdún tuntun, Hoppin' John ni wọ́n ń pè é. Láyé àtijọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń sè é. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti yọ ẹran kúrò nínú oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn. Ọ̀kan nínú wọn, Bryant Terry, kọ odidi ìwé lé e lórí ní 2009, Vegan Soul Kitchen ni ó pè é. Nílé níbí, ẹni tó bá ti dé Yunifásítì Babcock ní Ilíṣàn-Rẹ́mọ, tí í ṣe ti ìjọ Adventist, yóò ti rí i pé oúnjẹ tí kò lẹ́ran ni wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ó wá ku ìbéèrè pàtàkì: ṣé ẹ̀wà lè ṣe iṣẹ́ ẹran? Èròjà tí ń mọ ara, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní purotéènì, ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bí a bá wọn 100 giramu ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bíi 23 giramu rẹ̀ ni purotéènì. Ẹ̀pà tó bíi 25, ẹ̀gúsí súnmọ́ 28, sóyà sì ń lọ sí 36. Ẹran màlúù tútù kò ju bíi 20 lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìṣirò yìí tan ara rẹ̀. Ẹ̀wà a máa mu omi nínú ìkòkò, tó fi jẹ́ pé 100 giramu ẹ̀wà sísè kò ní ju bíi 8 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀wà rọ́pò ẹran gbọ́dọ̀ bù ú dáadáa. Ṣíbí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ìrẹsì, ẹ̀tàn nìyẹn.

Nǹkan kejì ni pé purotéènì ẹ̀wà ní ibi tó kù sí, ti àgbàdo àti ìrẹsì náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan kò ní, èkejì ní in. Bí a bá jẹ wọ́n pọ̀ nínú ọjọ́ kan náà, wọn á di ara wọn lọ́wọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ se àdàlú kò ka ìwé kankan, wọ́n kàn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni. Bákan náà ni atassi àwọn ará Benin, ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà nínú ìkòkò kan. Ọmọ tí a bá já lẹ́nu ọmú tí a kàn ń fún ní ògì lásán ni ó ń wú lẹ́sẹ̀, tí irun rẹ̀ ń pọ́n. Dókítà Cicely Williams, tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ni ó fi orúkọ àìsàn yẹn, kwashiorkor, sínú ìwé ìṣègùn ní 1935, láti inú èdè Gã. Ẹ po ìyẹ̀fun sóyà yíyan mọ́ ògì ọmọ, ìdá mẹ́ta àgbàdo sí ìdá kan sóyà, kí ẹ sì jẹ́ kó hó dáadáa. Ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Oṣòdì ti ṣe irú ògì yìí tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí wàrà sóyà, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ń bi wá. Ẹ ṣa sóyà àgolo mílíìkì mẹ́rin, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú. Lówùúrọ̀, ẹ fọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ bọ́, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta. Kí ẹ sọ fún ọlọ́ta kó kọ́kọ́ fọ ẹ̀rọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàrà yín á ta lẹ́nu bí ata. Ẹ bu omi sí i, ẹ fi aṣọ asẹ́ fún un. Ẹ gbé omi rẹ̀ kaná, ẹ máa rò ó, nítorí kíá ló ń hó kún, tó sì ń jóná nísàlẹ̀. Bó bá ti hó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún sí i. Ẹ má ṣe yára níbí yìí: sóyà tí kò jinná ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí inú lo purotéènì rẹ̀, iná nìkan ló sì ń ṣẹ́gun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ da omi kíkan orí ògì sí i díẹ̀díẹ̀, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́, títí yóò fi dì, tí omi rẹ̀ á sì mọ́ lójú. Ẹ dà á sínú aṣọ, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan. Ó di wàrà nìyẹn. Ẹ gé e, ẹ fi iyọ̀ àti ata sí i, ẹ dín in. Ẹ má da èèrí rẹ̀ nù o, ó dára nínú àkàrà.

Wàrà yìí kò ní adùn tirẹ̀ púpọ̀, òótọ́ ni. Ohun tí a bá sè é mọ́ ló ń mú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà, wọ́n yọ ẹja, wọn kò sì fi ohun kankan rọ́pò òórùn rẹ̀. Irú ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe ìpín èkùrọ́ o. Àlùbọ́sà kó pọ̀, kí ata rẹ̀ dín gbẹ nínú epo kí ẹ̀fọ́ tó wọlé. Olú gbígbẹ tí a rẹ, tí a ya, a máa dà bí ẹran lẹ́nu. Ti àgbọn tí a ní lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Agbalata, ẹ fún un sínú ìrẹsì àti ẹ̀wà, yóò dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ló pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má kà á mọ́ purotéènì.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ohun gbogbo tó ti ara ẹranko wá sílẹ̀ pátápátá, pàápàá aboyún àti abiyamọ, kó kọ́kọ́ lọ rí nọ́ọ̀sì. Fítámìnì B12 kò sí nínú ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́, yóò ní láti máa lo oògùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn báyìí, ẹ̀yin tó ń ta ẹ̀wà ni a fi ń bá wí. Gbogbo ohun tí a sọ lókè di òfo bí ẹ̀wà náà bá ní májèlé. Àwọn kan ń da Sniper sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Dichlorvos ló wà nínú rẹ̀, oògùn apakòkòrò ni, kì í ṣe ohun tí a ń fi sí oúnjẹ. Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí rẹ̀, wọ́n sì tún fa òfin náà gùn lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ní 2019, NAFDAC de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà. Oníbàárà kò lè fi fífọ̀ lásán mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí a bá ń sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé kó máa fi ẹ̀wà bọ́ ọmọ, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí májèlé ti ọwọ́ wa dé ilé rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn sì wà. Àpò kan tí wọ́n ń pè ní PICS, láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, ipele mẹ́ta ni ó ní: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa ni kí a rọ sínú rẹ̀, kí a tẹ afẹ́fẹ́ jáde, kí a so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kòkòrò inú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, wọn á sì kú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣí i lójoojúmọ́ láti bu kóńgò kan, kò ní ṣiṣẹ́. Àpò tí a ó tà láìpẹ́ kò nílò rẹ̀. Èyí tí a fẹ́ fi pamọ́ di ìgbà ọ̀wọ́n ni kí a lò ó fún. Ó wọ́n ju àpò lásán lọ, ṣùgbọ́n a lè lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bí ọ̀rá rẹ̀ kò bá lu. Ẹni tó bá fẹ́ kí á jọ rà á pọ̀ kó fi orúkọ àti iye tó fẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀, kí á lè mọ iye tí a ó yọ nínú owó ẹgbẹ́.