Iṣẹ́ Àbọ̀ṣẹ́ àti Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Mọ̀ Kí A Tó Gbà Á

Iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ ni iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ní apá kan ọjọ́, tàbí ní ọjọ́ díẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀, tí ó sì fi àkókò tí ó kù sílẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ayé àtijọ́, ìwọ̀fà a máa ṣe iṣẹ́ olówó rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà, a gba oko tirẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ pẹ̀lú a máa hun agbọ̀n tàbí ẹní nígbà tí iṣẹ́ oko bá dilẹ̀. Lóde òní, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá owó ìwé, ìyá tí ó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, àti òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó o ná, gbogbo wọn ni ó ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ń rí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń jèrè rẹ̀. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà ni a ó gbé yẹ̀ wò.

Ní àkọ́kọ́, ohun tí ènìyàn mọ̀ ọ́n ṣe ni ó ń sọ iye tí a ó san fún un. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe, bí i kí a dúró ti ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù, kì í mú owó púpọ̀ wá, nítorí bí ẹnì kan bá kọ̀ ọ́, ẹni mẹ́wàá wà lẹ́yìn tí yóò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní ilé, tí ó lè rán aṣọ, tí ó lè di irun, tàbí tí ó lè ṣe àkọsílẹ̀ owó fún oníṣòwò, òun ni ó lè dá iye lé iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá iṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ wá ìmọ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó jẹ́ kí àwọn olùkọ́ rẹ̀, àwọn aládùúgbò àti àwọn oníṣòwò tí ó mọ̀ ọ́n gbọ́ nípa rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ó kọ́kọ́ san owó kí òun tó fún un ní iṣẹ́, kí ó sá fún olúwarẹ̀, nítorí owó ni a ń wá lọ sí ibi iṣẹ́, a kì í gbé e lọ síbẹ̀.

Ní ẹ̀kejì, kí a má ṣe wo iye owó nìkan. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. A fún ẹnì kan ní 40,000 náírà ní oṣù láti máa ṣe iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin ní ojúmọ́, fún ogún ọjọ́. A fún ẹnì kejì ní 32,000 náírà fún iye wákàtí kan náà. Lójú, ti ẹni kìíní ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ rẹ̀ jìnnà, ó sì ń san 800 náírà fún ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Ní ogún ọjọ́, 16,000 náírà ti bá ọkọ̀ lọ. 24,000 ni ó kù. Bí a bá pín in sí 80 wákàtí, 300 náírà ni ó ń gbà fún wákàtí kan. Ẹnì kejì, tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ń gba 400. Bí ẹni kìíní bá tún ń lo wákàtí kan ní àlọ àti wákàtí kan ní àbọ̀, wákàtí tí iṣẹ́ náà ń gbà di 120, owó wákàtí kan sì di 200 náírà péré.

Ní ẹ̀kẹta, ó yẹ kí a mọ òfin. Òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà, tí a ṣe ní ọdún 2019, fi 30,000 náírà lélẹ̀. Ní ọdún 2024, a sọ ọ́ di 70,000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé òfin yìí yọ iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ sílẹ̀, ó sì yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25 sílẹ̀ pẹ̀lú. Èyí já sí pé àdéhùn ni odi oníṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́. Síbẹ̀, kò wà láìní ẹ̀tọ́. Òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tí ó bá farapa ní ẹnu iṣẹ́ ka oníṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ àti ọmọ iṣẹ́ mọ́ àwọn tí a ó ràn lọ́wọ́. Òfin Iṣẹ́ sì sọ pé kí a fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí sísan owó má sì ju oṣù kan lọ.

Nítorí náà, kí a fi ọ̀wọ̀ béèrè ní ọjọ́ kìíní, báyìí pé: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, wákàtí mélòó ni iṣẹ́ náà ní ojúmọ́? Ọjọ́ wo ni ẹ ó máa san owó? Bí ara mi kò bá yá, báwo ni a ó ti ṣe é?” Agbanisíṣẹ́ rere kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá sì fi ẹnu kò sí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ìparí, kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Òfin kò gbà kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16 ṣe iṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìsinmi. Iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí a sùn ní òru, tí kò sì jẹ́ kí a ka ìwé ní ọ̀sán, bí owó rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó, ọ̀la ẹni ni ó ń jẹ. Iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ tí ó dára ni èyí tí ó sanwó fún òní, tí kò sì ba ti ọ̀la jẹ́.