Wàrà: Ìdí Tí Ó Fi Pọ̀ Lọ́jà Kan Tí Ó Sì Wọ́n Lọ́jà Mìíràn

Ọ̀rọ̀ wàrà ni a gbé wá lóṣù yìí. Kí ló dé tí ìlú kan ń jẹ ẹ́ dáadáa, tí ìlú mìíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i?

Wàrà kì í jìnnà sí màlúù. Àwọn obìnrin Fúlàní ni wọ́n ń ṣe é. Wọn a gbé mílíìkì kaná, wọn a fi omi ewé bòmubòmu sí i kí ó lè dì, wọn a sì sẹ́ ẹ. Nítorí náà ni Ìlọrin, Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí gáà Fúlàní wà nítòsí wọn, fi mọ̀ ọ́n dunjú.

Nígbà tí ọ̀dá dá ní ìhà Sàhẹ́lì láàárín 1972 sí 1974, tí ó tún dá ní 1983 sí 1984, ọ̀pọ̀ darandaran kó ẹran wọn wá sí ìhà gúúsù. Bí màlúù ti ń sún mọ́ wa ni wàrà ń sún mọ́ ọjà wa. Ṣùgbọ́n òfin tí ó de fífi ẹran jẹko ní gbangba ti wà ní Èkìtì láti 2016, àti ní Ọ̀yọ́ láti 2019. Kí a máa retí pé màlúù ni yóò wá bá wa, ìyẹn ò dájú mọ́.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé wàrà inú omi kì í pẹ́ tó fi ń kan. Oníṣòwò tí kò bá tètè tà á, owó rẹ̀ wọ omi nìyẹn.

Ẹ wá wo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Wagaṣi ni wọ́n ń pe wàrà yìí níbẹ̀. Wọ́n ń fi omi pòròporo ọkà bàbà sè é títí yóò fi pọ́n, wọn a sá a sóòrùn, wọn a sì máa tún un sè bí ọjọ́ ti ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè ti Parakou rìn ju 400 kìlómítà lọ dé Cotonou, níbi tí wọ́n ti ń fi í sínú ọbẹ̀ dípò ẹran tàbí ẹja.

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ìpamọ́ ni, kì í ṣe pé ẹnu wa yàtọ̀ síra. Nígbà òjò, koríko pọ̀, wàrà a sì dọ̀pọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó di ọ̀wọ́n. Ẹ rà á ní tútù, ẹ sè é tàbí kí ẹ dín in lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ lo omi àti ìkòkò tó mọ́. Ẹ má sì fi àwọ̀ pupa bo wàrà tó ti kan mọ́lẹ̀ o. Oníbàárà tí a bá tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá.