Ikọ́ Ife ní Gúúsù Èkìtì: Ohun Tó Ń Gbé e Kiri

Ọjọ́ ìrántí: 24 oṣù Kẹta. Lọ́jọ́ náà lọ́dún 1882 ni Robert Koch, oníṣègùn ará Jámánì, kéde ní Berlin pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa àrùn yìí. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 30 tó ti ń jà jù lágbàáyé.

Bó ṣe ń ràn: Afẹ́fẹ́ ló ń bá rìn. Bí ẹni tó ní i lẹ́dọ̀fóró bá wúkọ́ tàbí kọrin, ẹni tó wà nítòsí lè fà á símú. Abọ́ àti ife ìmumi kì í kó o ranni. Kì í sì í ṣe àrùn ìdílé: bó bá mú bàbá tó tún mú ọmọ, yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn.

Ilé: Nílùú bí Ìkéré tó kún fún akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò, owó ilé ń mú kí ọ̀pọ̀ há sí yàrá kan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn àti olè. Atẹ́gùn tí ì bá gbá kòkòrò náà dànù kò ríbi wọlé.

Abà: Lóko kòkó Ìsẹ̀ àti Èmùré, alágbàṣe tó ti òkèèrè wá máa ń sùn pọ̀ nínú ahéré. Ọjọ́ tó bá gun ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn, owó ọjọ́ náà ti lọ. Oògùn ikọ́ ti kẹ́mísìtì ló máa ń kọ́kọ́ rà.

Ara: Ọ̀pọ̀ tí kòkòrò náà wọ̀ lára kì í ṣàìsàn rárá. Àìjẹunre-kánú, HIV, àtọ̀gbẹ, ọtí àmujù, sìgá àti eruku òkúta fífọ́ ló ń jẹ́ kó di àìsàn.

Ìtìjú: Àwọn kan á ní májèlé ni wọ́n fún aláìsàn jẹ. Òun náà á fara pa mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò gbàtọ́jú lè kó o ran èèyàn 10 sí 15 láàárín ọdún kan.

Ìtọ́jú: Ikọ́ tó bá pé ọ̀sẹ̀ 2, òógùn òru, rírù, tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀: ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ lábẹ́ ètò ìjọba. Oṣù 6 ni wọ́n sábà máa ń lò ó: oríṣi 4 fún oṣù 2, oríṣi 2 fún oṣù 4 tó kù. Ẹni tó bá dá a dúró lágbedeméjì lè sọ ọ́ di ikọ́ tí oògùn kò ràn mọ́. Bí wọ́n bá rí i lára ẹnì kan, kí gbogbo ará ilé lọ ṣàyẹ̀wò, kí wọ́n fi ọmọdé ṣáájú.